Hub ilé yín ń falẹ̀: ṣé mẹ́mọ́rì ló tán lóòótọ́?

Ẹ tẹ bọ́tìnì iná pálọ̀ lórí fóònù, iná ò tàn. Ẹ tún un tẹ̀. Ó pẹ́ kó tó tàn, kò sì tíì tàn tán tó fi kú padà, torí títẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, fáànù tó yẹ kó pa ara rẹ̀ láago mọ́kànlá ń fẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹ ṣí áàpù, ẹ rí i pé hub, ẹ̀rọ tó ń darí iná àti fáànù yìí, ti kú, ó sì ti tan ara rẹ̀ padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ẹni àkọ́kọ́ tí ẹ bá bi á sọ fún yín pé RAM, ìyẹn mẹ́mọ́rì rẹ̀, ló kún, kí ẹ lọ ra hub mìíràn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, onílé ò tíì wo nọ́ńbà tó yẹ kó wò, tàbí kó jẹ́ pé nǹkan kan ṣoṣo ló ń jẹ mẹ́mọ́rì náà, tí yóò sì jẹ ti hub tuntun náà bí wọ́n bá rà á.

Home Assistant, ètò tó ń sọ kọ̀ǹpútà di hub, ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, torí òun ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn ṣètò ilé wọn ń lò. Paulus Schoutsen ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2013, èdè Python ni wọ́n fi kọ ọ́, ọ̀fẹ́ sì ni. Orí Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti kọ́kọ́ ń gbé e sí. Raspberry Pi 3 ní RAM 1 GB péré. Pi 4, tó jáde lọ́dún 2019, wà ní oríṣiríṣi, èyí tó tóbi jù nínú wọn ní 8 GB. Home Assistant Green, àpótí tí wọ́n ń tà pẹ̀lú Home Assistant nínú rẹ̀ látilẹ̀, ní 4 GB. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ fẹ́ gbé e sínú kọ̀ǹpútà mìíràn gẹ́gẹ́ bí virtual machine (kọ̀ǹpútà àfọgbọ́nṣe tó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà gidi), ohun tó wà nínú ìtọ́sọ́nà wọn ni pé kí ẹ má fún un ní RAM tó dín sí 2 GB. Nọ́ńbà yẹn nìkan ti sọ fún yín pé ẹni tó ń lo 1 GB ò ní àyè púpọ̀ láti fi ṣeré.

Mẹ́mọ́rì yàtọ̀ sí ibi ìpamọ́

Ọ̀dọ̀ fóònù ni ìdàrúdàpọ̀ àkọ́kọ́ ti wá. Bí fóònù bá sọ pé àyè ti tán, fọ́tò àti fídíò la máa ń pa rẹ́, a ó sì ní mẹ́mọ́rì ló kún. Ẹlòmíràn á wá yọ káàdì 32 GB kúrò nínú Pi rẹ̀, á fi 128 GB sí i, hub á sì máa falẹ̀ bó ṣe ń falẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ibi ìpamọ́ ni káàdì yẹn. Ohun tó bá wà lórí rẹ̀, iná ìbáà lọ, á ṣì wà níbẹ̀. RAM ni ibi tí iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́ wà: iná lọ báyìí, gbogbo rẹ̀ pa rẹ́.

Ẹ wo ìyá oníṣòwò kan lọ́jà. Ó ní yàrá ẹrù lẹ́yìn, ó ní àtẹ níwájú. Orí àtẹ ni ọjà tó ń tà lọ́wọ́ máa ń wà, kí ọwọ́ rẹ̀ lè tètè tó o. Yàrá ẹrù ìbáà tóbi bí ilé, bí àtẹ bá kéré, lọ-bọ̀ ni ìyá yìí yóò máa fi gbogbo ọjọ́ ṣe. Àmọ́ oníṣòwò tó mọ iṣẹ́ kì í fi àtẹ rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Bí àyè bá ṣẹ́ kù, á kó ọjà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè síbẹ̀, bóyá wọ́n á tún béèrè rẹ̀. Bí ọjà mìíràn bá dé tó nílò àyè, á yọ ti tẹ́lẹ̀ kúrò, kò ní pàdánù nǹkan kan, torí ó ṣì wà nínú yàrá. Ẹni tó ń kọjá lọ ló máa rò pé àtẹ ti kún.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Linux, ètò ìpìlẹ̀ tó ń darí kọ̀ǹpútà, tó wà nídìí Home Assistant OS, ń ṣe. Fáìlì tó bá ti kà láti orí káàdì, á fi ẹ̀dà rẹ̀ sínú RAM tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, kó má baà tún padà lọ kà á. Bí ẹ bá tẹ àṣẹ "free -h" sínú terminal (ojú ìwé tí a ti ń fi ọ̀rọ̀ pàṣẹ fún ẹ̀rọ), abẹ́ "buff/cache" ni ẹ ti máa rí i. Ká ní hub 1 GB ni, ẹ lè rí i pé "total" jẹ́ nǹkan bí 900 MB, "free" 60, "buff/cache" 330, "available" 310. Ẹni tó bá wo "free" á ké gbàjarè pé 60 péré ló kù. "Available" ni kí ẹ wò. Ìṣirò tí Linux fúnra rẹ̀ ṣe ni, nípa iye tí ètò tuntun lè rí gbà láì da iṣẹ́ ẹnikẹ́ni rú. Ọdún 2014 ni wọ́n fi kún un, torí àwọn ètò kan ń ṣe ìṣirò yìí fúnra wọn, wọn ò sì ń ṣe é dáadáa.

Ní ti Home Assistant fúnra rẹ̀, ẹ lọ sí Settings, lẹ́yìn náà System, lẹ́yìn náà Hardware. Ìdá tó máa fi hàn yín níbẹ̀, "available" ló fi ṣírò rẹ̀, nítorí náà ẹ lè gbà á gbọ́. Ibi tí ìjayà ti sábà máa ń wá ni Proxmox, ètò tó ń gbé virtual machine ró, fún àwọn tó ń lò ó. Proxmox lè máa sọ pé ìdá márùndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ti lọ, nígbà tí ojú ìwé Hardware ń sọ pé kò tó ìdajì. Ìta ni Proxmox ti ń wo ilé. Ó rí i pé RAM náà ní nǹkan nínú, kò lè mọ̀ pé ẹ̀dà fáìlì tí a lè jù sílẹ̀ nígbàkigbà ni. Bí nọ́ńbà méjèèjì bá ta kora, ti inú ilé ni kí ẹ gbà.

Bó bá wá tán lóòótọ́ ńkọ́?

Linux kì í kú lójijì. Ohun àkọ́kọ́ tó máa ń jù sílẹ̀ ni àwọn ẹ̀dà fáìlì yẹn, ẹ ò sì ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá le sí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í ju apá kan lára àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ sílẹ̀, á sì máa padà lọ kà wọ́n láti orí káàdì nígbà tó bá nílò wọn. Bí swap bá wà, á tún máa kó díẹ̀ lára ohun tó wà nínú RAM lọ síbẹ̀, ìyẹn apá kan lórí ibi ìpamọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Káàdì ò yára bíi RAM rárá. Ìpele yìí ni iná pálọ̀ ti ń pẹ́ kó tó tàn. Hub ò tíì kú, ìrìn-àjò lọ sórí káàdì ló pọ̀ jù fún un.

Ìpele tó kẹ́yìn ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní OOM killer (OOM ni "out of memory", mẹ́mọ́rì ti tán). Linux á yan ètò kan, á pa á, kí àwọn yòókù lè mí. Ohun tó gbọ́dọ̀ yé yín níbí ni pé ètò tó ń jẹ mẹ́mọ́rì jù lákòókò yẹn ló sábà máa ń pa, yálà òun ló fa wàhálà tàbí òun kọ́. Home Assistant Core, tó jẹ́ ọkàn gbogbo rẹ̀, sì sábà máa ń tóbi. Ètò kékeré kan lè ti ń wú láti ìjẹta, síbẹ̀ Core ni wọ́n máa mú. Àṣìmú ni. Onílé á wá gbà pé Home Assistant ló bàjẹ́, nígbà tó jẹ́ pé òun gan-an ni wọ́n ṣẹ̀.

Ẹ̀rí rẹ̀ ò farasin. Ẹ lọ sí Settings, System, Logs, kí ẹ yan "Host" lókè. Ẹ wá ìlà tó ní "Out of memory: Killed process". Nọ́ńbà á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà orúkọ ètò tí wọ́n pa. Bó bá jẹ́ python3, ó ṣeé ṣe gan-an kó jẹ́ Core nìyẹn.

Bí ẹ kò bá rí irú ìlà bẹ́ẹ̀, tí "available" náà sì pọ̀, ẹ fi RAM sílẹ̀, kí ẹ wá nǹkan mìíràn. Nínú ojú ìwé Host yẹn kan náà, ẹ wò bóyá "Under-voltage detected" wà níbẹ̀. Èyí wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa ju bí ẹ ṣe rò lọ, torí ṣájà fóònù tó bá ti wà nílẹ̀ la fi ń tan Pi. Ṣájà tí iná rẹ̀ ò tó, á jẹ́ kí Pi máa falẹ̀, kó máa kú, kó máa jí. Ẹni tí kò bá wo ìwé àkọsílẹ̀ yìí á pe gbogbo rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ mẹ́mọ́rì. Káàdì tó ti ń kú lọ náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wi-Fi tí kò dé iyàrá ẹ̀yìn dáadáa náà ńkọ́? Iná iyàrá ẹ̀yìn nìkan ló máa pẹ́; bí hub bá ni ìṣòro, gbogbo ilé ló máa ń kàn.

Ìrísí ìlà náà ju nọ́ńbà lọ

Nọ́ńbà tí ẹ wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ò lè sọ ohun púpọ̀. Ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún lè jẹ́ àlàáfíà, ó sì lè jẹ́ pé ó ku wákàtí mẹ́ta kó kú. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn ni pé kí wọ́n fi integration (àfikún tó ń ṣiṣẹ́ nínú Core) tó ń jẹ́ System Monitor kún Home Assistant wọn. Púpọ̀ nínú àwọn sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ wà ní pípa látilẹ̀. Ẹ tan ti mẹ́mọ́rì, kí ẹ sì tan ti swap. Lẹ́yìn náà, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ó ṣòro láti ní sùúrù nígbà tí ìyàwó tàbí ọkọ ń béèrè ìdí tí iná ò fi tàn, àmọ́ láìsí àwòrán ìlà yẹn, ìméfò lásán ni ohunkóhun tí ẹ bá ṣe.

Bí ìlà náà bá ga, tó sì tẹ́ pẹrẹsẹ, tí kò gòkè tí kò sọ̀ kalẹ̀, kò sí ohun tó ń jò. Ẹrù yín ló pọ̀ fún àpótí náà, tàbí kí ó jẹ́ pé ó tó o rẹ́gí. Bó bá gòkè fún wákàtí mélòó kan lẹ́yìn tí ẹ tan hub, tó wá dúró síbì kan, ẹ fọkàn balẹ̀. Python kì í yára dá mẹ́mọ́rì tó ti gbà padà fún Linux, kódà bí kò bá lò ó mọ́. Á dì í mú dè ìgbà tó máa tún nílò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti kọ lẹ́tà ẹ̀sùn sí àwọn tó ń kọ ètò nítorí ìlà tó jẹ́ pé ìwà rẹ̀ nìyẹn.

Bó bá máa ń gòkè lójijì ní àkókò kan náà, tó sì máa ń sọ̀ kalẹ̀ padà, ẹ béèrè ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ní àkókò yẹn. Backup (ẹ̀dà ìpamọ́) aládàáṣe tó ń lọ lóru ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí. Bó bá jẹ́ ọ̀sán tí ẹ ń ṣe àtúnṣe sí ESPHome, ètò tí a fi ń ṣe sẹ́ńsọ̀ fúnra wa, ni, ẹ ti mọ ẹni tó ṣe é.

Èyí tó ń bani lẹ́rù ni ìlà tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ láìdúró, bíi pé ó ń gun àtẹ̀gùn, tó máa ń já wálẹ̀ kìkì nígbà tí ẹ bá tún hub tàn, tó sì tún máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gun. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní jíjò mẹ́mọ́rì. Ètò kan ń gba àyè, kò sì ń dá a padà. Àfikún RAM ò wo irú èyí sàn. Ọjọ́ tó máa kú ló kàn máa sún síwájú.

Ohun kan wà tí mi ò tíì rí kí àwọn tó ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí láti ìlú òyìnbó mẹ́nu bà, torí kò kàn wọ́n. Níbi tí NEPA ti ń mú iná lọ lójoojúmọ́, tí hub ò sì sí lórí inverter, jíjò mẹ́mọ́rì kì í hàn. Iná lọ, RAM ṣófo. Iná dé, ìlà bẹ̀rẹ̀ látìsàlẹ̀. Ètò tó nílò ọ̀sẹ̀ méjì kó tó kún RAM ò ní rí ọ̀sẹ̀ méjì láé. Onílé á wá ra sólà àti bátìrì lítíọ́ọ̀mù, hub á wà lórí iná fún oṣù kan gbáko fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, wàhálà á wá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á pe ẹni tó ṣe sólà, wọ́n á ní láti ìgbà tó ti so inverter yẹn mọ́ ilé ni hub ti ń kú. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹni ẹlẹ́ni sílẹ̀. Ó ti ń jò tipẹ́.

Wíwá ẹni tó ń jẹ ẹ́

Add-on, ìyẹn àwọn ètò mìíràn tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Core, ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí wọ́n rọrùn láti wọ̀n. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dá wà nínú àpótí tirẹ̀, bí ẹ bá sì ṣí ojú ìwé ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ máa rí ìdá RAM tó ń lò lọ́wọ́. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀. Ẹ tún padà wá kọ ọ́ lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan, kí ẹ wò ó bóyá èyí kan ti wú. Bẹ́ẹ̀ làṣírí púpọ̀ ṣe ń tú, láìsí ọgbọ́n mìíràn.

Mosquitto, tó ń gbé ìròyìn láàárín àwọn ẹ̀rọ, ò jẹ nǹkan kan. Zigbee2MQTT, tó ń so àwọn ẹ̀rọ aláìlówáyà Zigbee mọ́ hub, ń jẹ díẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Lórí hub 1 GB, Studio Code Server ni mo máa ń kọ́kọ́ pa. Àwọn èèyàn ń ṣí i lẹ́ẹ̀kan lóṣù láti tún ìlà méjì kọ nínú fáìlì, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. File editor tó kéré ti tó fún ìyẹn. InfluxDB àti Grafana jẹ́ ohun tó dára fún ẹni tó fẹ́ràn àwòrán ìlà, àmọ́ orí 1 GB kọ́ ni ibùgbé wọn. Whisper, tó ń sọ ọ̀rọ̀ ẹnu di àkọsílẹ̀, gbọ́dọ̀ gbé ohun tó fi ń mọ ọ̀rọ̀ sínú RAM lódindi. Bí ẹ bá ṣe yan èyí tó gbọ́ràn dáadáa tó, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa wúwo tó. Frigate, tó ń wo kámẹ́rà láti mọ èèyàn yàtọ̀ sí ewúrẹ́, ẹ má ṣe dá a láṣà lórí Pi 3.

Kámẹ́rà fúnra wọn yẹ fún ìwádìí. Home Assistant ní ààyè kan lórí kámẹ́rà tí wọ́n ń pè ní "Preload", tó ń jẹ́ kí fídíò wà ní ṣíṣí nígbà gbogbo kó lè tètè jáde bí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá tan èyí lórí kámẹ́rà mẹ́rin ti ní kí hub máa gbé fídíò mẹ́rin kiri tọ̀sán-tòru, yálà ẹnikẹ́ni ń wò ó tàbí kò sẹ́ni tó ń wò ó. Ẹ pa á lórí gbogbo wọn, àfi bóyá ti ẹnu géètì.

ESPHome ní ìwà tirẹ̀. Lójoojúmọ́ kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Ọjọ́ tí ẹ bá ní kó ṣẹ̀dá ètò tuntun fún sẹ́ńsọ̀ ni iṣẹ́ dé: á gba RAM púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, pàápàá torí pé ó máa ń pín iṣẹ́ náà sí ọ̀nà púpọ̀ kó lè yára. Lórí àpótí kékeré, ẹ máa rí "Killed signal terminated program cc1plus", gbogbo rẹ̀ á sì dúró. OOM killer ló ṣe é, kódù yín ò ní àṣìṣe kankan. Ẹ kọ "compile_process_limit: 1" sábẹ́ "esphome:" nínú fáìlì sẹ́ńsọ̀ náà. Á pẹ́ sí i, àmọ́ á parí. Èyí tó tún sàn ju ìyẹn lọ ni kí ẹ fi ESPHome sórí láptọ́ọ̀pù yín, kí ẹ ṣe iṣẹ́ náà níbẹ̀, kí ẹ sì fi ohun tó bá jáde ránṣẹ́ sí sẹ́ńsọ̀ náà.

Bí gbogbo add-on bá mọ́, tó jẹ́ pé Core gan-an ló ń wú, ọwọ́ ti fẹ́ tẹ integration kan. Àwọn tó bá Home Assistant wá látilẹ̀, ojú púpọ̀ ló ń wò wọ́n. Àwọn tí ẹ kó wọlé látinú HACS, ibi tí àwọn èèyàn ti ń pín integration tí kò bá Home Assistant wá, ẹnì kan ṣoṣo ló lè jẹ́ pé ó ń tọ́jú wọn nígbà tó bá ráyè, nítorí náà ọ̀dọ̀ wọn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ tún Home Assistant tàn, ẹ yan "Safe mode". Á dìde láìsí ọ̀kankan nínú àwọn àjèjì yẹn. Bí ìlà bá tẹ́ pẹrẹsẹ fún iye ọjọ́ tó sábà máa ń fi gòkè, ẹ ti rí àdúgbò tí olè wà. Ó ku ilé. Ẹ pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àkókò tó tó. Ẹni tó bá pa mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí nǹkan wá dára, kò mọ èyí tó yẹ kó dá padà.

Fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò bẹ̀rù, integration kan wà tó ń jẹ́ Profiler. Ó lè máa kọ irú nǹkan tó ń pọ̀ sí i nínú mẹ́mọ́rì Core sínú àkọsílẹ̀. Ohun tó máa kọ ò ní yé ẹni tí kì í kọ Python, kò sì pọn dandan kó yé e. Ẹ gbé e fún ẹni tó ń tọ́jú integration yẹn, pẹ̀lú àwòrán ìlà ọ̀sẹ̀ kan. Èyí ló máa ń jẹ́ kí wọ́n dáhùn, torí "hub mi ń falẹ̀" ò fún wọn ní ibi tí wọ́n máa dì mú.

Ọ̀rọ̀ nípa dátábéèsì àti títún hub tàn lóru

Wọ́n máa ń sọ pé kí ẹ dín dátábéèsì kù. Ìmọ̀ràn tó dára ni, ìdí tí wọ́n ń sọ fún yín ni kò tọ́. Fáìlì "home-assistant_v2.db" tó ti di 4 GB, orí káàdì ló wà, kò túmọ̀ sí pé ó gba 4 GB nínú RAM. Ọjọ́ mẹ́wàá ni Home Assistant ń tọ́jú ìtàn gbogbo sẹ́ńsọ̀ bí ẹ kò bá yí i padà, àfi àkópọ̀ wákàtí-wákàtí tó ń pa mọ́ títí lọ. Ohun tó ń mú fáìlì yìí wú ni àwọn sẹ́ńsọ̀ tó ń sọ̀rọ̀ jù, inverter ni olórí wọn. Inverter kan lè ní sẹ́ńsọ̀ ogójì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì máa yí padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ síra wọn: fóltéèjì, ooru, iná tó ń wọlé, iná tó ń jáde. Èwo nínú rẹ̀ ni ẹ máa padà wò ní ọjọ́ mẹ́jọ òní? Ẹ fi "exclude" yọ àwọn tí ẹ kò nílò kúrò lábẹ́ "recorder", apá tó ń kọ ìtàn sínú dátábéèsì. Káàdì yín á pẹ́ láyé, ojú ìwé History á sì yára ṣí. RAM á rí díẹ̀ gbà nínú rẹ̀, kì í ṣe púpọ̀.

Bí ẹ ti wà níbẹ̀, ẹ wò bóyá fáìlì kan wà tí orúkọ rẹ̀ ní ".corrupt" nínú. Bí iná bá lọ lójijì nígbà tí hub ń kọ̀wé lọ́wọ́, dátábéèsì lè bàjẹ́. Home Assistant á ti ti bàjẹ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lú orúkọ yẹn, á sì bẹ̀rẹ̀ tuntun. Kò ní pa á rẹ́ fún yín. Mẹ́ta irú rẹ̀ lè jókòó sórí káàdì fún ọdún méjì, kí ẹ máa wá ibi tí àyè ń gbà lọ.

Ẹlòmíràn á ní ẹ kàn ṣe automation kan tó máa tún Home Assistant tàn láago mẹ́ta òru. Mi ò bínú sí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń dúró de àtúnṣe. Àmọ́ ẹ mọ ohun tí ẹ ń rà. Títún Core tàn ò kan àwọn add-on rárá; bó bá jẹ́ add-on ló ń jò, àfi kí ẹ tún gbogbo ẹ̀rọ náà tàn. Ní gbogbo ìgbà tó fi ń dìde, sẹ́ńsọ̀ ẹnu géètì ò ní rí ẹni tó máa gbọ́ ọ, aago mẹ́ta òru sì ni. Ó tún máa bo ìlà yẹn mọ́lẹ̀, bí NEPA ṣe ń bò ó.

Àwọn kan tún wà tí hub wọn ò ṣe nǹkan kan. Tábúlẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tí wọ́n gbé kọ́ ògiri ló ń di gbagidi. Ojú ìwé tí ẹ ń wò lórí rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo káàdì àwòrán àti fídíò kámẹ́rà orí rẹ̀, inú RAM tábúlẹ́ẹ̀tì ló wà. Ẹ fi fóònù mìíràn ṣí ojú ìwé kan náà. Bó bá yára níbẹ̀, ẹ fi hub sílẹ̀, kí ẹ dín ohun tó wà lójú ìwé yẹn kù.

Ìgbà wo ló wá yẹ kí èèyàn ra òmíràn? Nígbà tí ìlà bá tẹ́ pẹrẹsẹ lókè téńté, tí gbogbo ohun tó ń ṣiṣẹ́ sì jẹ́ ohun tí ẹ nílò. Ẹ ò lè fi RAM kún Raspberry Pi, wọ́n ti jó o mọ́ ara rẹ̀ ni. Mi ò sì rò pé Pi tuntun ló yẹ kí ẹ sáré lọ rà. Mini PC tòkunbọ̀ tó ní 8 GB á ṣe iṣẹ́ náà láìmí gúlegúle, orí SSD (díìskì inú rẹ̀) ló sì máa kọ̀wé sí dípò káàdì. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí ojú rẹ̀ ti fọ́ náà dára, bí bátìrì rẹ̀ bá ṣì lágbára, torí kò ní kú lójijì bí iná bá lọ.

Backup ni ẹ máa fi kó gbogbo nǹkan lọ síbẹ̀: ẹ gbà á sílẹ̀ láti orí hub àtijọ́, ẹ fi Home Assistant sórí tuntun, kí ẹ sì yan pé ẹ fẹ́ dá backup padà nígbà tó bá kọ́kọ́ ṣí. Láti ìgbà tí wọ́n ti tún apá yìí ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, backup aládàáṣe máa ń wà ní títì pa pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ kan, èyí tó wà nínú fáìlì tí wọ́n ń pè ní "emergency kit". Ẹ gba fáìlì yẹn sórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà yín nígbà tí hub àtijọ́ ṣì ń dìde, torí láìsí i, backup náà ò ní ṣí.